"Ó dùn, ó sì dùn mí": bí gírámà Yorùbá ṣe ń gbé èrò àwọn òǹwòran nípa fíìmù Ó le kú

Nínú ìwé ìbéèrè tí àwa tí a kàwé lédè Faransé máa ń gbé lọ bá àwọn òǹwòran, ìbéèrè kan kì í yẹ̀ lókè: Avez-vous aimé le film ? Bí a bá dé Ìfànyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, a óò yí i padà sí Ṣé ẹ fẹ́ràn fíìmù náà? Ẹni tí a bi yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. A óò fi àmì sínú àpótí, a óò sì kọjá sí ìbéèrè kejì. Ohun tí a fẹ́ sọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Èrò òǹwòran tó ń sọ Yorùbá wà níbòmíràn nínú gbólóhùn rẹ̀: ó wà nínú ẹni tó fi ṣe olùwà àti ẹni tó fi ṣe àbọ̀, nínú ọ̀rọ̀-arópò-orúkọ tó yàn fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àti nínú àdúrà tó gbà nígbà tí fíìmù parí.

Fíìmù Ó le kú ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun kan náà ni àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí tí wọ́n sì ń káàánú. Àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ tó wà níbí, èmi ni mo gbé wọn kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbọ́ èdè náà láti ilé. A kò ka orí ẹnikẹ́ni, a kò sì ṣe ìṣirò. Ọmọ èdè tó bá rò pé gbólóhùn kan kò tọ̀nà lẹ́nu tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bá wa jiyàn. Nípa àkọtọ́, ti àwọn ìwé Nàìjíríà ni a tẹ̀ lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa ní Bẹ̀nẹ̀ máa ń lo ɛ àti ɔ níbi tí wọ́n ti ń lo ẹ àti ọ.

Ìwé náà àti fíìmù náà

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìwé ìtàn àròsọ Ó le kú, tó jáde ní ọdún 1974. Ó tọ́ kí àwa tí a ń kàwé ní Faransé rántí pé èdè Faransé ni ọ̀gbẹ́ni yìí kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó wá di ọ̀gá nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Ifẹ̀. Ó kú ní ọdún 2018. Ní ọdún 1997, Túndé Kèlání àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Mainframe, sọ ìwé náà di fíìmù, apá méjì. Ìṣọ̀lá àti Kèlání ti jọ ṣiṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ lórí Kòṣeégbé, eré oníṣe Ìṣọ̀lá tí Kèlání ṣe ní fíìmù ní 1995, wọ́n sì tún jọ ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999.

Ìtàn náà kò ṣòro láti sọ. Àjàní ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kó tètè mú ìyàwó wálé, òun náà kò sì lè pinnu láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ìgbà tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ti jìnnà sí ìgbà tí wọ́n ya fíìmù náà, nítorí náà aṣọ, irun, ọkọ̀ àti ijó inú rẹ̀ jẹ́ ti ayé kan tó ti lọ. Ọ̀pọ̀ ibi inú rẹ̀ ló ń pani lẹ́rìn-ín. Ìparí rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ní Ìfànyìn, ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù yìí láti Nàìjíríà kì í ní láti ronú lé lórí. Èdè Faransé ni a fi ń kọ́ wa níléèwé. Yorùbá wà nílé, lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, pẹ̀lú èdè Ègùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá kì í sí nínú báàgì akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá wo Ó le kú lọ́dọ̀ wa, fíìmù ni ó kọ́kọ́ mọ̀, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn òun náà ni ìgbẹ̀yìn. Èmi fúnra mi mọ Àjàní lójú kí n tó mọ̀ ọ́n nínú ìwé, nítorí pé yunifásítì ni mo ti kọ́ bí a ti ń ka Yorùbá. Ìbéèrè tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ fẹ́ràn jù, bóyá fíìmù náà tẹ̀ lé ìwé tàbí ó yà kúrò lọ́nà, kò ní ìtumọ̀ kankan fún irú òǹwòran bẹ́ẹ̀. Ìgbésí ayé ni ó ń fi fíìmù náà wé: òótọ́ ni, ó máa ń ṣẹlẹ̀, irú ìyá bẹ́ẹ̀ wà, ọmọkùnrin kì í gbọ́n bọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí fíìmù Mainframe sì sábà máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ ti Faransé kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Etí rẹ̀ nìkan ló fi ń wò ó, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe fẹ́ àti àbúrò rẹ̀ fẹ́ràn

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè wa. Fẹ́ràn wá láti inú fẹ́ àti ọ̀ràn. Ẹni tó sọ pé Mo fẹ́ràn fíìmù náà fi ara rẹ̀ ṣe olùwà, ó fi fíìmù ṣe àbọ̀, bí J'ai aimé le film gan-an ti ṣe tò ó. Gírámà kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá jáde látinú yàrá tí wọ́n ti ń wo fíìmù, tí ó sì sọ gbólóhùn yìí láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í, yóò dà bí ẹni tó ń ka ìwé jáde. Ohun tí wọ́n ń sọ ni Ó dùn, Ó dáa, Ó wù mí, Ó pa mí lẹ́rìn-ín.

Fẹ́ tún ní wàhálà mìíràn tó kan fíìmù yìí gan-an. Ẹ wo mẹ́ta yìí:

(1) Àjàní ń fẹ́ Lọlá.
(2) Àjàní fẹ́ Lọlá.
(3) Àjàní fẹ́ fẹ́ Lọlá.

Èyí àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé àwọn méjèèjì jọ ń bá ara wọn rìn. Èyí kejì lè jẹ́ pé ó ti gbé e níyàwó, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tó ń gbèrò ìgbéyàwó. Faransé ní láti yàn láàárín vouloir, aimer, fréquenter àti épouser, Yorùbá kò sì fi dandan lé e pé kí olùsọ̀rọ̀ yàn. Bí a bá bi òǹwòran pé Ta ni Àjàní fẹ́?, yóò béèrè pé èwo nínú fẹ́ ni, tàbí kó kàn rẹ́rìn-ín. Púpọ̀ nínú ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín nínú ìtàn náà ni pé Àjàní pẹ́ jù nínú ń fẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń retí fẹ́. Mo ti rí àkékúrú fíìmù yìí tí wọ́n fi aimer túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ́ di ìtàn ìfẹ́ lásán, ẹ̀rín inú rẹ̀ sì lọ.

Dùn àti dùn mí

Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣe pàtàkì jù lẹ́nu òǹwòran ni dùn. Oyin dùn, ọbẹ̀ dùn, fíìmù dùn. A tún lè sọ pé Fíìmù náà dùn ún wò. Kò sí ẹni tí gbólóhùn wọ̀nyí ń rú lójú. Ṣùgbọ́n fi àbọ̀ kan ṣoṣo kún un:

(4) Fíìmù náà dùn.
(5) Fíìmù náà dùn mí.
(6) Fíìmù náà dùn mọ́ mi.

Nínú (4) a ń yìn ín. Nínú (5) ó bà mí nínú jẹ́, ó dà bí ìgbà tí a bá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí tàbí ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Nínú (6) ayọ̀ ti padà dé, mọ́ ló mú un wá. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tó kàn ní ìró kan náà ni dùn ti adùn àti dùn ti ìrora. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Lẹ́nu òǹwòran, méjèèjì ń bá ara wọn ṣeré, ẹni tó bá sì sọ nípa Ó le kú pé Ó dùn, ó sì dùn mí kò tako ara rẹ̀ rárá. Ó ti sọ ohun tí fíìmù náà ṣe fún un tán ní gbólóhùn kan: ó yin iṣẹ́ náà, ó sì ṣọ̀fọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ ìdáhùn yìí sínú kọ̀ǹpútà lálẹ́, tí oorun ń kùn ún, tó wá fo mí. Ìbànújẹ́ ti di ìyìn. Ohùn nìkan kọ́ ló ń yí ìtumọ̀ padà ní Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń kọ́ àwọn àlejò. Àbọ̀ náà ń yí i padà.

Ẹ̀rín tó ń pani

Ní Faransé, a máa ń sọ pé Je suis mort de rire. Èmi ni olùwà, èmi ni mo kú. Yorùbá sọ pé Ẹ̀rín pa mí, tàbí Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ikú wà nínú èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n ní Yorùbá ẹ̀rín ni apànìyàn, èmi ni ó ṣe é fún. Kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló rí báyìí. Ebi ń pa mí, ẹ̀rù bà mí, ojú tì mí, àánú ṣe mí, ó yà mí lẹ́nu, inú bí mi, ó sú mi: nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí ń ṣe ènìyàn wà ní ipò olùwà, ẹni tí ó ń ṣe wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Òǹwòran fíìmù, nínú gírámà Yorùbá, jẹ́ ẹni tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí.

Èdè náà kò sọ pé a kò lè jẹ́ olùwà. Mo rẹ́rìn-ín wà, ohun tó sì yàtọ̀ sí ni èyí. Ẹ dán gbólóhùn yìí wò:

(7) Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Lẹ́tí tèmi, ó dára. Ó túmọ̀ sí pé mo rẹ́rìn-ín nítorí àwọn tó jókòó tì mí, tàbí nítorí pé àgbà kan ló gbé fíìmù náà wá. Ẹ yí i padà, Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín, ó ṣì dára: mo fi ẹnu mọ́ ẹnu ni. Rẹ́rìn-ín jẹ́ ohun tí ènìyàn ṣe níta, pa lẹ́rìn-ín jẹ́ ohun tí fíìmù ṣe fún un nínú. Ìwé ìbéèrè tó bá ní Avez-vous ri ? tó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Ṣé ẹ rẹ́rìn-ín? ń béèrè ìwà ọmọlúàbí lọ́wọ́ ènìyàn, kì í ṣe èrò rẹ̀ nípa fíìmù.

Ṣé àwàdà ni? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Comédie ni a óò kọ sínú káàdì ìwé ìkàwé, a óò sì wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un. Àwàdà ló kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ti sọ orúkọ Aláwàdà di ti ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ lórí ìtàgé, lórí tẹlifíṣọ̀n, àti nínú fíìmù bí Ọ̀run Mooru ní 1982, àwàdà ti di irú eré kan pàtó: awò ojú ràgàjì, táì olórí labalábá tó tóbi jù, ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ Bàbá Sàlá, tí a bi bóyá Ó le kú jẹ́ àwàdà, yóò sọ pé rárá. Ẹni kan náà lè ti rẹ́rìn-ín àríntàkìtì ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Kò parọ́ níbì kankan. Yẹ̀yẹ́ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: Yẹ̀yẹ́ ni fíìmù náà jẹ́ èébú, ó túmọ̀ sí pé kò já mọ́ nǹkan. Eré apanilẹ́rìn-ín sàn, nítorí pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe pa ló ti wá, ó sì gba ẹkún láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi yóò lò ó fún Ó le kú, n óò sì fi kún un pé ẹ̀rín inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí òwe ń wí, pé ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Ta ló jẹ̀bi?

Nígbà tí fíìmù bá parí, ìjíròrò ní agbègbè wa kì í dá lórí bí wọ́n ṣe ya àwòrán. Ó máa ń dá lórí ẹni tó jẹ̀bi. Gírámà tó wà fún un ni gbólóhùn alátẹnumọ́ pẹ̀lú ni: Àjàní fúnra rẹ̀ ló fà á, Àṣàkẹ́ ni ì bá fẹ́, Ìyá rẹ̀ ló kó o sí wàhálà. Ì bá máa ń pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé òǹwòran ń tún ìtàn náà kọ: Àjàní ì bá ti sọ òótọ́ fún wọn, ọ̀rọ̀ ì bá máà rí báyìí. Àwọn mìíràn kì í dúró kí fíìmù parí. Wọ́n ń bá ojú àwòrán sọ̀rọ̀: Àjàní, o ò ní í gbọ́n! Òwe náà ń dé: ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. (Òwe kò tilẹ̀ ronú dé eku mẹ́ta.)

Ohun kan wà níbí tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè fi etí sí gan-an, ìyẹn ọ̀rọ̀-arópò-orúkọ tí wọ́n ń lò fún ìyá Àjàní. Ó ju òǹwòran tó jẹ́ ọ̀dọ́ lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà wọ́n ti ọ̀wọ̀ ló tọ́ sí i, àní bó tilẹ̀ jẹ́ inú fíìmù ló wà:

(8) Wọn ò fún ọmọ wọn nísinmi.
(9) Kò fún ọmọ rẹ̀ nísinmi.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì ń sọ. Ẹni tó sọ (8) ń ṣàríwísí ìyá kan tó ṣì jẹ́ ìyá lójú rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọ́n, tó wá bọ́ sí ó láàárín ọ̀rọ̀, ó ti dá ìyá náà lẹ́jọ́ láìlo ọ̀rọ̀ àpèjúwe kankan. Faransé ní tu àti vous fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, elle ni elle ń jẹ́. Bí a bá túmọ̀ (8) àti (9) sí Faransé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a óò rí. Ìkìlọ̀ kan: kí a má ṣe fi ló inú gbólóhùn alátẹnumọ́ ṣe ẹ̀rí. Ìyá Àjàní ló fà á kò sọ pé ọ̀wọ̀ ti tán, nítorí pé ó tó wà nínú ló yẹn máa ń dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa, yálà ẹnì kan ni tàbí ọ̀pọ̀, ọmọdé tàbí àgbà. Gbólóhùn tí kò ní àtẹnumọ́ ni kí a wò.

Àwọn àgbà ní tiwọn kì í sábà sọ pé fíìmù dára tàbí kò dára. Àdúrà ni wọ́n ń gbà. Kí Ọlọ́run má fi irú rẹ̀ hàn wá. A ò ní í rí ìjà orogún. Àwọn ọmọ wa ò ní í ṣìnà. Ẹni tó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀ yóò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, yóò fò ó, yóò sì kọ sans opinion. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbàdúrà kí ohun tí kò jọ òótọ́ máà ṣẹlẹ̀ sí òun. Àdúrà náà ń sọ pé fíìmù náà wọ òun lára, pé òun gba ìtàn náà gbọ́, àti pé òun kò fọwọ́ sí ohun tí Àjàní ṣe. Èrò mẹ́ta ni yẹn.

Kò burú, wọ́n gbìyànjú

Díẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Àwọn ìwé ìbéèrè máa ń ní ìpele márùn-ún, láti très bien dé pas du tout. Pas mal máa ń wà láàárín, ó sì sún mọ́ ìyìn. Kò burú tí a fi ń túmọ̀ rẹ̀ kò sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó kàn gbà bẹ́ẹ̀ fún àlàáfíà. Òdìkejì rẹ̀ ni Wọ́n gbìyànjú. Ní Faransé ilé-ìwé, ils ont essayé ń sọ pé wọn kò rí i ṣe. Lẹ́nu Yorùbá, Wọ́n gbìyànjú gan-an fún Yẹmí Ṣódìmú tó ṣe Àjàní jẹ́ ìyìn gidi: wọ́n ṣiṣẹ́ náà tọkàntọkàn, ó sì hàn. Tí a bá tẹ̀ lé ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀, a óò fi ẹni tó yìn ín sí ìsàlẹ̀ ẹni tí kò bìkítà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè pé kí wá ni kí a máa béèrè. Ohun tí mo ń lò báyìí ni Ibo ló pa yín lẹ́rìn-ín?, Ibo ló dùn yín?, àti Ta ló jẹ̀bi?, n óò sì dákẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ń fi òǹwòran sí ipò àbọ̀ níbi tí èdè rẹ̀ ti máa ń fi í sí, ó sì fún un láyè láti ṣe adájọ́. Ìdáhùn rẹ̀ ń gùn, kò ṣeé fi sí àpótí, ó sì ń gba àsìkò láti kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.

Orúkọ fíìmù, orúkọ aṣọ

Ó ku orúkọ náà fúnra rẹ̀. Ó le kú kì í ṣe àpólà orúkọ. Odindi gbólóhùn ni, gbólóhùn tó ń sọ èrò jáde sì ni: nǹkan náà le, ó le kọjá bó ti yẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló tẹ̀ léra, ìkejì kò sì fi dandan túmọ̀ sí pé ẹnì kan kú. Àwọn ọ̀dọ́ Faransé ń sọ pé c'est mortel nípa ohun tó dára gan-an, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń lo ikú fi wọn bí nǹkan ṣe tó. Ìṣọ̀lá fẹ́ràn irú orúkọ tó jẹ́ gbólóhùn. Kòṣeégbé náà rí bẹ́ẹ̀, ó jọ kòṣeémánìí tí gbogbo wa ń lò láìronú pé gbólóhùn ni tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde, ìró àti bùbá kúkúrú tí àwọn obìnrin inú rẹ̀ wọ̀ tún padà di àṣà, orúkọ fíìmù náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ náà lẹ́nu wa dára fún kíláàsì fonọ́lọ́jì. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì kì í ní ohùn òkè lórí fáwẹ̀lì yẹn. Ó inú gbólóhùn ní ohùn òkè. Nígbà tí gbólóhùn bá di orúkọ aṣọ, ohùn náà ní láti sọ̀kalẹ̀, ohun tí mo sì ń gbọ́ lẹ́nu tèmi ni olekú: Ó rán olekú, kì í ṣe Ó rán ó le kú. Fíìmù ṣì jẹ́ gbólóhùn, aṣọ ti di orúkọ. Ó wù mí kí ẹnì kan fi ẹ̀rọ wọn ohùn náà lẹ́nu àwọn télọ̀ ní Ìgòlò àti Ìdí-Ìrókò, lápá méjèèjì bodè, kó wò bóyá bákan náà ni wọ́n ń pè é.

Aṣọ yìí náà ni ó máa ń mú kí àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀ nípa ìgbà. Ọmọ ogún ọdún tó rí i yóò sọ pé aṣọ ayé àtijọ́ ni. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin yóò sọ pé aṣọ ayé wa ni. Àwòrán kan náà ni wọ́n jọ ń wò. Àtijọ́ ń lé fíìmù náà lọ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, wa sì ń fi olùsọ̀rọ̀ náà sí inú àwòrán, pẹ̀lú ìró kúkúrú àti bàtà gíga, ní ọdún tí Àjàní kò tíì pinnu.